Kóòdù P0335 kò ní kí ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀

Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ tí iná check engine rẹ̀ tàn lọ bá àwọn tó ń síkáànù mọ́tò ní Ògbómọ̀ṣọ́, yálà ní ìtòsí Takie tàbí ní ọ̀nà LAUTECH, àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe kì í gùn. Wọ́n á ki sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àìsàn ọkọ̀, bọ ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á tẹ nǹkan lójú rẹ̀, kóòdù P0335 á jáde, wọ́n á ní, "Sẹ́ńsọ̀ kíráǹkì ni, ọ̀gá. Ẹ lọ rà á wá." Ẹ ó rà á, wọ́n á dè é mọ́ ọn, iná á kú. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, iná á tún tàn. Wọ́n á ní fèèkì lẹ rà. Ó lè jẹ́ fèèkì lóòótọ́, torí fèèkì pọ̀ nígboro. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ nù yẹn kò ṣàìsàn kankan.

Brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, kò lójú tó lè fi wo sẹ́ńsọ̀. Ohun tó bá gba inú wáyà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Bó bá kọ P0335 sílẹ̀, ohun tó ń wí ni pé iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n máa rán sí òun láti ọ̀nà sẹ́ńsọ̀ kíráǹkì kò dé mọ́. Ta ló dá a dúró lọ́nà? Kò mọ̀. Ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ló kú. Ó lè jẹ́ wáyà ló já, tàbí kó jẹ́ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ti dógùn-ún. Ó lè jẹ́ eyín irin tí sẹ́ńsọ̀ ń kà lára kíráǹkì ló kán. Bátìrì tó ti rẹ̀ pàápàá lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀ bí iná bá lọ sílẹ̀ jù nígbà tí ẹ̀ ń kíkì. Brain box fúnra rẹ̀ náà lè bàjẹ́, àmọ́ òun ni kí ẹ fura sí kẹ́yìn, torí kì í wọ́pọ̀.

Kí ìyókù ọ̀rọ̀ yìí tó lè yéni, ó yẹ ká mọ ohun tí wọ́n ń pè ní táímínì. Nínú ẹ́ńjìnnì, písítìnì ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, kíráǹkì ló ń sọ lílọ àti bíbọ̀ yẹn di yíyí. Lókè, nínú top cylinder, káàmù ló ń tẹ àwọn fáàfù tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, òun náà ló ń tẹ àwọn tó ń jẹ́ kí èéfín jáde. Ìrìn mẹ́rin ni písítìnì ń rìn kí iṣẹ́ kan tó parí: ó fa afẹ́fẹ́ sínú, ó fún un pọ̀, púlọ́ọ̀gì ta iná sí i, ó bú gbàmù ó sì ti písítìnì wálẹ̀, lẹ́yìn náà ó lé èéfín jáde. Fún ìrìn mẹ́rin yẹn, kíráǹkì yí po lẹ́ẹ̀mejì, káàmù yí po lẹ́ẹ̀kan péré. Táímínì béètì tàbí táímínì ṣéènì ló de àwọn méjèèjì pọ̀ kí ìṣirò yẹn má bàa yẹ̀.

Ẹ ti rí obìnrin méjì tó ń fi ọmọ odó méjì gún iyán nínú odó kan ṣoṣo. Bí ti ọ̀kan bá ń balẹ̀, ti èkejì á ti gbéra. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣèèṣì yára, ọmọ odó á gbá ara wọn. Bí písítìnì àti fáàfù ṣe ń ṣe nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì. Àyè kan náà ni wọ́n jọ ń lò, àkókò wọn ló yàtọ̀. Bí béètì bá já nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, písítìnì á gbá fáàfù, fáàfù á tẹ̀, títú top cylinder sì dé nìyẹn. Àwọn mìíràn wà tí àyè wọn gbà wọ́n, bíi 5S-FE tó wà nínú Camry 2.2 àtijọ́. Bí béètì tiẹ̀ bá já, ọkọ̀ á kàn kú sójú ọ̀nà ni. Ẹ ó fi tuntun sí i, ẹ ó máa bá tiyín lọ.

Nígbà ayé Peugeot 504, kò sí brain box tó ń béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Dísíríbútọ̀ ló ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì. Mẹkáníìkì á fọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀, á fetí sí ẹ́ńjìnnì títí ohùn rẹ̀ á fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo gbà pé etí àwọn àgbà yẹn ju tiwa lọ. Àmọ́ lára ọkọ̀ òde òní, brain box ló ń pinnu ìgbà tí iná á ta àti ìgbà tí epo á tú, kò sì lè pinnu bí kò bá mọ ibi tí písítìnì wà lásìkò yẹn gan-an. Sẹ́ńsọ̀ kíráǹkì ló ń sọ fún un. Irin rìbìtì kan wà lára kíráǹkì tí eyín yí etí rẹ̀ ká. Bí eyín kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń kọjá níwájú sẹ́ńsọ̀, iná tín-ín-rín á gba inú wáyà lọ. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, àyè eyín 36 ni wọ́n pín irin náà sí, ṣùgbọ́n wọn ò fi méjì síbẹ̀, ó ku 34. Àlàfo eyín méjì yẹn ni brain box fi ń mọ ibi tí kíráǹkì yí dé.

Síbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kíráǹkì ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí iṣẹ́ kan tó parí, àlàfo náà kò lè dá sọ bóyá písítìnì kìíní tó ń gòkè bọ̀ yìí fẹ́ gba iná ni, àbí èéfín ló fẹ́ lé jáde. Sẹ́ńsọ̀ káàmù ló ń yanjú ìyẹn. Ìdí rèé tí àìsàn àwọn méjèèjì kì í fi jọra. Bí iṣẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ kíráǹkì ń rán kò bá dé mọ́, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò ní sítáàtì rárá, á kàn máa kíkì títí bátìrì á fi rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ ti káàmù ni kò dé, púpọ̀ nínú wọn á ṣì sítáàtì, àmọ́ á pẹ́ kó tó gbà, ó sì lè máa jáàkì tàbí kó má lágbára lórí òkè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ níbi tí mo fẹ́ sọ yìí, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Ìròyìn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn kóòdù táímínì ń mú wá. P0335 àti P0340 ń sọ pé iṣẹ́ kò dé. Ti kíráǹkì ni èyí àkọ́kọ́, ti káàmù ni èkejì. P0336 àti P0341 ń sọ pé iṣẹ́ ń dé, ṣùgbọ́n ó ń dé ní ségesège. Ó lè jẹ́ eyín ló kán, ó lè jẹ́ ìdọ̀tí irin ló lẹ̀ mọ́ orí sẹ́ńsọ̀, ó sì lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ni wọn kò dè dáadáa tó fi jìnnà sí eyín tó yẹ kó máa kà. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ V6, ìyẹn èyí tí sílíńdà mẹ́fà rẹ̀ pín sí apá méjì, ẹ lè rí P0345 náà: sẹ́ńsọ̀ káàmù ti apá kejì ẹ́ńjìnnì ló ń tọ́ka sí, nítorí náà kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ má lọ máa tú apá kìíní.

P0016 tiẹ̀ wá yàtọ̀ pátápátá. Ohun tó ń sọ ni pé iṣẹ́ kíráǹkì ń dé, ti káàmù náà ń dé, àmọ́ wọn ò bára mu. Kíráǹkì ti wà níbi tó yẹ kó wà, káàmù kò sí níbi tó yẹ kí wọ́n bá a. Ẹ rò ó wò: kí brain box tó lè rí àìbáramu yẹn, àfi kí sẹ́ńsọ̀ méjèèjì máa ṣiṣẹ́. Àwọn gan-an ló tú àṣírí. Ẹni tó bá ní kí ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀ nítorí P0016 láì wo ṣéènì, láì wo ọ́ìlì, owó yín ló fẹ́ fi kọ́ṣẹ́.

Ohun tó sábà máa ń fà á ni ṣéènì tó ti fà nítorí ọjọ́ orí, tàbí tẹ́ńṣánà tí kò lè fún ṣéènì le mọ́, tàbí béètì tí ẹnìkan ṣí tí kò dá a padà sójú àmì rẹ̀. Bí kóòdù náà bá jáde láìpẹ́ sígbà tí wọ́n tú top cylinder yín, ẹ má wulẹ̀ wá ẹlòmíràn kiri, ọ̀dọ̀ ẹni tó tú u ni kí ẹ kọ́kọ́ padà sí. Ṣùgbọ́n èyí tó ń dùn mí jù ni ti ọ́ìlì, torí ọwọ́ ara wa la fi ń fà á. Lára ẹ́ńjìnnì tó ní VVT-i, bíi ti Corolla 2003 sí 2008 àti ti Camry tí à ń pè ní Big Daddy, agbára ọ́ìlì ni wọ́n fi ń yí káàmù síwájú sẹ́yìn díẹ̀ bí eré ọkọ̀ bá ṣe ń yí padà. Fáàfù kékeré kan tó ń lo iná ló ń ṣí ọ̀nà fún ọ́ìlì náà, asẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lójú ọ̀nà ibẹ̀. Bí ọ́ìlì bá pẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì títí ó fi di ẹrẹ̀, asẹ́ á dí, fáàfù á há, káàmù kò ní lè padà síbi tí wọ́n rán an mọ́. Nírú àsìkò yẹn, P0011, tó ń sọ pé káàmù ti yí síwájú jù, lè jáde, P0016 náà sì lè tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ wa kì í sì í pààrọ̀ ọ́ìlì, a kàn ń bù ú sí i ni. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan lórí P0016, ẹ fa igi ìwọn ọ́ìlì jáde kí ẹ wò ó. Bó bá wà nísàlẹ̀ àmì, tàbí tó dúdú tó sì ń fà, ọ́ìlì àti fílítà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì yọ asẹ́ yẹn fọ̀. Láàárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ẹ sítáàtì rẹ̀ kí ẹ fetí sí i. Bí nǹkan bá ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ṣéènì wà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ má ṣe máa wà á kiri. Ṣéènì tó bá fo eyín mìíràn lè mú kí fáàfù tẹ̀.

Ó wá ku P0335 àti P0340, tí wọ́n jẹ́ ọ̀rọ̀ iná. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò náni ní nǹkan kan, torí sìkánà tó ka kóòdù náà ló máa ṣe é. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ojú ibi tí sìkánà ti ń fi iye yíyí ẹ́ńjìnnì hàn, kí ẹnìkan máa kíkì ọkọ̀. Bí kíkì bá ń yí ẹ́ńjìnnì tí sìkánà sì dúró sórí òdo, òótọ́ ni pé iṣẹ́ kíráǹkì kò dé. Bó bá ń fi bí igba hàn, tó sì ń lọ sókè sódò níwọ̀nba, iṣẹ́ ń dé nígbà yẹn, kí wọ́n wá ìdí tí ọkọ̀ kò fi sítáàtì síbòmíràn: pọ́ǹpù epo, fíúsì, kọ́ìlì. Wọ́n tún lè wo ohun tí brain box kọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí kóòdù náà jáde, bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó àti bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó. Ìyẹn ni ìdí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni pa kóòdù rẹ́ kó tó kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ni kí wọ́n fi wò, kó tó kan mítà. Corolla kan wà tó ń kó èrò láti Takie lọ sí Ìlọrin. Wọ́n ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ kíráǹkì rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, síbẹ̀ ó ń kú lójú títì nígbà tó bá wù ú. Sẹ́ńsọ̀ yẹn wà lẹ́bàá púlì kíráǹkì, nítòsí ibi tí fáànù béètì ń gbà. Ẹni tó pààrọ̀ béètì nígbà kan kò dá wáyà sẹ́ńsọ̀ padà sínú ìdè rẹ̀, béètì sì ti ń ha á lára títí kọ́pà fi yọ. Bí ọkọ̀ bá kó sínú kòtò, wáyà á kan irin, ẹ́ńjìnnì á kú. Tápù dúdú àti ìdè kan ló yanjú rẹ̀. Irú nǹkan báyìí ni kí ẹ máa wá: wáyà tí eku jẹ, ọ́ìlì tó ń jò láti gásíkẹ́ẹ̀tì òkè wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, omi tó kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò fi pọ́ǹpù fọ ẹ́ńjìnnì. Èmi ò rí ìdí tó fi yẹ kí ènìyàn máa fi omi tó ń tú pẹ̀lú agbára fọ ẹ́ńjìnnì tó ní brain box. Àṣejù ni.

Mítà ló kàn. Bí sẹ́ńsọ̀ bá jẹ́ oníwáyà méjì, wọ́n lè yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí wọ́n wọn ohm rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dènà iná tó. Fún sẹ́ńsọ̀ kíráǹkì Corolla tí mo ń sọ yìí, bó bá tutù, ìwọ̀n Toyota ni láti 1,630 sí 2,740; bó bá gbóná, láti 2,065 sí 3,225. Bí mítà kò bá fi nǹkan kan hàn rárá, wáyà inú rẹ̀ ti já nìyẹn, sẹ́ńsọ̀ ló jẹ̀bi. Oníwáyà mẹ́ta kò rí bẹ́ẹ̀. A kì í fi ohm dájọ́ rẹ̀. Ó ń gba iná kó tó lè ṣiṣẹ́, nítorí náà kí wọ́n ṣí ọkọ̀ sí ON, kí wọ́n wo sọ́kẹ́ẹ̀tì bóyá fólìtì 5 tàbí 12 ń dé ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ náà bá ṣe rí, kí wọ́n sì wo bóyá wáyà ilẹ̀ rẹ̀ dára. Bí iná kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ lè ra sẹ́ńsọ̀ mẹ́wàá, kò ní sọ̀rọ̀. Níkẹyìn, kí wọ́n wọn wáyà láti sọ́kẹ́ẹ̀tì títí dé brain box, kí ẹnìkan máa mi wáyà náà bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ rìwáyà ni èyí, mẹkáníìkì tó ń tú ẹ́ńjìnnì lè má ní mítà rárá, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Oríṣi àìsàn sẹ́ńsọ̀ kan wà tó máa ń tan gbogbo ayé jẹ: èyí tó jẹ́ pé bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná ló ń kú, bó bá tutù tán, á sítáàtì bíi pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Wáyà tín-ín-rín inú sẹ́ńsọ̀ ló ti sán. Bí ooru bá mú un, á fẹ̀, á ṣí, bó bá tutù, á tún kan ara wọn. Bí ẹ bá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ síkáànù nígbà tó ti tutù, gbogbo nǹkan á dára lójú mítà. Àfi kí wọ́n wọ̀n ọ́n lásìkò tó kú gan-an. Àwọn rìwáyà kan máa ń da omi tútù sára sẹ́ńsọ̀ nìkan. Bí ọkọ̀ bá sítáàtì lójú ẹsẹ̀, wọ́n ti mú olè nìyẹn.

Irú ọkọ̀ yìí kọ́ ni kí ẹ gbé sọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láàárín àwọn tírélà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí eré, sítiàrìn á le, bíréèkì náà á le lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, torí ẹ́ńjìnnì ló ń ràn án lọ́wọ́. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má ṣe máa tẹ bíréèkì kí ẹ tún máa tú u sílẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ dì í mú, kí ẹ fi agbára wa ọkọ̀ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ẹ má sì yọ kọ́kọ́rọ́ kó tó dúró, kí sítiàrìn má bàa tì.

Bí gbogbo àyẹ̀wò bá ti wá fi hàn pé sẹ́ńsọ̀ ló kú, ẹ mú ti ògbólógbòó dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ rà á. Ní Àráròmí, lọ́nà Gate ní Ìbàdàn, ẹ lè rí tọ́kùnbọ̀ tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tó ń rìn. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú tí kò lórúkọ lọ, bí wọ́n bá lè gbà kí ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó.

Sìkánà tí mo ń sọ yìí kò bá gbogbo ọkọ̀ lò. Láti ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí ọkọ̀ tuntun ní ihò ẹlẹ́sẹ̀ 16 tí gbogbo sìkánà lè wọ̀. Ti Yúróòpù tó ń lo pẹtiróòlù bẹ̀rẹ̀ ní 2001. Bí tọ́kùnbọ̀ yín bá ti dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà kà á. Bó bá sì wà lára àwọn tó ní in, ẹ lè ra sìkánà kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ Bluetooth, kí ẹ máa ka kóòdù fúnra yín kí ẹ tó gbéra nílé.

Lẹ́yìn àtúnṣe, wọ́n á fẹ́ yọ orí bátìrì kí iná lè kú kí ẹ tó sanwó. Ẹ má gba ìyẹn bí ẹ̀rí. Yíyọ orí bátìrì máa ń pa kóòdù rẹ́ yálà àìsàn lọ tàbí kò lọ, ó sì ń nu àkọsílẹ̀ tó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ nù. Bí àìsàn bá lọ lóòótọ́, brain box fúnra rẹ̀ á pa iná náà lẹ́yìn ìrìn mẹ́ta tó lọ láìsí wàhálà, kóòdù á sì wà nínú ìrántí rẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná kó sì tutù ní nǹkan bí ogójì ìgbà. Bó bá jẹ́ dandan kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n fi sìkánà pa á, kí ẹ wa ọkọ̀ náà dé Arówómọlé títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dáadáa, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tún sítáàtì rẹ̀ padà wálé, kí wọ́n sì tún ki sìkánà bọ̀ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.